Ibi tí Abẹ́rẹ́ ti Ń Fò nínú Àwo Morọ́lá

                              Búlọ́ọ̀kù 47, Ẹ́sítéètì Jákàńdè,
                              Ìsọlọ̀, Ìpínlẹ̀ Èkó.
                              Ọjọ́ kọkànlá, Oṣù Kẹfà, 2024.

Akíntáyọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtọjọ́ pípẹ́,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó wa Olúfọlákẹ́ ńkọ́, orúnkún tó ń dùn ún ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara mi le. Ilé ló dákẹ́ jù láti ọdún mẹ́ta tí Morọ́lá ìyàwó mi ti kú.

Ọmọbìnrin kan, Salimat, wá yẹ etí wò lọ́dọ̀ mi nílé ìwòsàn. Etí rẹ̀ ń hó. Ó ní gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè làwọn ọ̀dọ́ kan máa ń pàdé nínú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Okota, tí wọ́n á wọ ṣòkòtò ẹlẹ́nu fífẹ̀ bíi ti ìgbà àwọn bàbá wa, tí wọ́n á sì máa gbọ́ sóòlù, orin àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́. "Dókítà, ẹ wá fetí ara yín gbọ́ ọ."

Mo gbé ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn ariwo lọ. Bí Abdulmajeed tó ń yí àwo orin fún wọn ti rí mi, ó kígbe pé, "Onímítà dé o! Wọ́n fẹ́ gé orin wa!" Mo fara balẹ̀ ṣàlàyé pé irun tíntìntín kan ló ń gbọ́ràn nínú etí; bí ariwo bá pa á, kì í hù mọ́. Wọ́n dín ohùn kù. Ìgbà náà ni mo wá gbọ́ orin: obìnrin kan ń ké bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó fi í sílẹ̀ ló ń pè. Irú ohùn yìí ló máa ń jáde látinú àwo Morọ́lá ní pálọ̀ wa ní gbogbo Sátidé fún ọdún mọ́kàndínlógún. N kò jókòó tì í rí, èmi oníṣègùn etí! Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo mú àwo tí o fún wa lọ́jọ́ ìgbéyàwó lọ. Ṣé o rántí ibi tó ti bàjẹ́? Bí abẹ́rẹ́ bá ti fò níbẹ̀, Morọ́lá á fi ẹnu ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ tó sọnù. Ó pẹ́ tí mo ti rò pé inú àwo ni ohùn rẹ̀ wà. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn, abẹ́rẹ́ fò, ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́.

"Dókítà, kí ni wọ́n sọ níbẹ̀?" ni Salimat bi mí.

N kò mọ̀ ọ́n.

Abdulmajeed ti fa fóònù yọ láti wá a. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó fi sílẹ̀. Ìwọ àti Olúfọlákẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu Morọ́lá. Ẹ bá mi kọ ọ́ sínú ìwé, bó ṣe máa ń pè é gan-an, àní bó bá ṣì í pè.

Kí Olúfọlákẹ́ àti àwọn ọmọ fún mi. Àwo náà wà lórí tábìlì. N kò ní gbé e padà lọ sí Okota títí n ó fi mọ ohun tí mo máa fi ẹnu ara mi kọ bí abẹ́rẹ́ bá fò.

Èmi ni tìrẹ tó ń fetí sílẹ̀,
Babáfẹ́mi.