Máàkì Tí A Pàtẹ́wọ́ Fún

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ ń jí bí a ṣe ń jí? Ìlú ńlá tí o wà kò ní gbé ọ mì o. Ara ìyá rẹ le, ayùn mi ṣì mú, òrùlé sì ń jò níbi tó ti máa ń jò.

Àbíkẹ́yìn wa ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé, ojú sì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Wọ́n ṣe ìdánwò kan nílé ìwé wọn tí kì í ṣe ti ìṣirò, tí kì í ṣe ti èdè. Olùkọ́ tó ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn wá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé mẹ́rìnlélógún nínú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni àbúrò rẹ gbà, pé kí n tètè wá. Ìwọ náà mọ̀ pé kò sẹ́ni tó gba irú máàkì bẹ́ẹ̀ rí nínú ìdílé wa. Mo ju òòlù sílẹ̀, mo pe aránṣọ òdìkejì ọ̀nà, mo pe àwọn ọmọṣẹ́ mi, mo ní kí ọmọ gun orí bẹ́ńṣì, a sì pàtẹ́wọ́ fún un. Aránṣọ ní ẹ̀bùn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, pé ilé ìwé kì í pe bàbá lásán. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Mo ní ojú ló ń tì í.

Aṣọ tí mo wọ̀ níjọ́ ìgbéyàwó rẹ ni mo wọ̀ lọ gba ẹ̀bùn. Olùkọ́ wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní kí n jókòó. Ó ní ìdánwò náà kì í ṣe ti ọgbọ́n, ìbànújẹ́ ni wọ́n fi ń wọ̀n: ṣé ọmọ ń sùn, ṣé oúnjẹ ń wọlé, ṣé ó ń rò ó pé ó sàn kí òun kú. Bí máàkì bá ṣe pọ̀ tó ni ẹrù ṣe wúwo tó. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dákun yọ díẹ̀ nínú máàkì náà. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má nà án, kí n má wàásù fún un, kí n bi í ní tààrà, pé bíbéèrè kò lè fi èrò náà sí i lọ́kàn.

Mo délé, mo bi í bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti pẹ́. Mo ní kí ló dé tí kò sọ nígbà tí à ń pàtẹ́wọ́.

Ó ní, “Bàbá, inú yín dùn gan-an. Mi ò fẹ́ bà á jẹ́.”

Mo ti tú ìdábùú tí mo kàn sẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀, kó má baà lè ti ara rẹ̀ mọ́lé mọ́; ọ̀dọ̀ wa ló ń sùn báyìí. A ti gbé e lọ rí dókítà tó ń tọ́jú ọkàn, ó sì ní ká máa bọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo ń retí abẹ́rẹ́, mi ò rí abẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ ṣáá ni wọ́n ń bá ara wọn sọ, àmọ́ ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà ń ṣiṣẹ́, torí lánàá ó ní kí ìyá rẹ bu oúnjẹ sí i.

Aránṣọ ṣì ń bi mí pé ẹ̀bùn dà, mo sì máa ń ṣe bí ẹni tí ariwo ayùn di létí. Èmi tí mo máa ń sọ fún yín pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ẹ̀sín ti dé bá mi wàyí, mo sì rí i pé irọ́ ni òwe yẹn ń pa. Mi ò ní pa òwe náà mọ́ nínú ilé yìí.

Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ilé ìwòsàn ránṣẹ́. Má fi gba báǹkì, ẹ̀rọ wọn tó gbé káàdì mi mì kò tíì pọ̀ ọ́. Kí o sì máa pe àbúrò rẹ, má sọ pé èmi ni mo ní kí o pè.

Wọ́n máa tún ìdánwò náà ṣe. Èmi tí mo máa ń nà yín nítorí òdo, òdo ni mo ń tọrọ. Ṣe àmín: Ọlọ́run á dá ẹ̀yin méjèèjì sí fún mi, àbúrò rẹ á sì fìdí rẹmi pátápátá.

Èmi ni,
Bàbá rẹ