Iṣan Mẹ́ta Lórí Gíláàsì

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta

Àwọn gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ iṣan mọ́, tí wọ́n rà láti òkèèrè kí wọ́n tó bí mi, àwọ̀ wọn ti ṣí pátápátá. Iṣan itan, iṣan ọkàn, iṣan ìfun – bákan náà ni gbogbo wọn rí nínú maikirosikóòpù, bí omi ẹ̀kọ. Bẹ́ẹ̀ òun la fi dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò lọ́dún tó kọjá. Nyarkoa fìdí rẹmi. Tó bá tún fìdí rẹmi lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n á lé e lọ sílé nìyẹn.

Mo sọ fún Ikùn – Ọ̀jọ̀gbọ́n Amankwatia, ọ̀gá ẹ̀ka wa – pé màá ṣe tiwa fúnra mi. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Boatemaa, ṣé ilé ìdáná la gbà ọ́ sí ni?"

Ó dáa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5

Ọjà Kejetia ní Kumasi níbí, ní ìdájí, lọ́dọ̀ Alájì Sumaila alápatà. Itan màlúù, ọkàn, ìfun – bíńtín bíńtín. Ó ní, "Dókítà, èyí ò lè kún ìsàlẹ̀ abọ́ o! Àlejò wo lẹ fẹ́ febi pa?" Mo ní ẹnikẹ́ni ò ní jẹ ẹ́. Ó ń mirí bó ṣe ń dì í. Ẹran ò tíì tutù tí mo fi rì í sínú fọ́málìn, kó má baà jẹrà.

Ọjọ́rú, 6

Ọjọ́ òmìnira ilẹ̀ wa. Wọ́n ń yan lójú títì. Èmi ń ṣọ́ ẹran.

Àbámẹ́ta, 9

Ó bàjẹ́. Ọtí tí mo fi fa omi ara ẹran náà ti mú kó gbẹ jù. Mo fi ìda bò ó kó lè ṣeé gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo gé e – ó rún bíi bisikíìtì. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún.

Ọjọ́ Ajé, 11

Ẹran tuntun. Alájì: "Ẹni tí ẹ ní kò ní jẹ ẹ́ yìí mà ń jẹun o!"

Ọjọ́ Ẹtì, 15

Ó jáde! Ó fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ. Aró elésè àlùkò mú kóró inú sẹ́ẹ̀lì, pupa fẹ́ẹ́rẹ́ mú ìyókù. Iṣan itan: okùn gbọọrọ, ìlà wẹ́rẹwẹ̀rẹ dábùú rẹ̀, àwọn kóró tò sétí. Tọkàn nílà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó yẹ̀ka – ẹ̀ka so mọ́ ẹ̀ka, kóró láàárín, ìlà dúdú níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti pàdé sẹ́ẹ̀lì. Tìfun ò nílà rárá. Orí ṣóńṣó, ìdí ṣóńṣó, wọ́n sùn ti ara wọn bí ẹja inú agolo.

Mo pariwo. Mo jó, èmi nìkan.

Ọjọ́ Ajé, 18

Nyarkoa wò ó títí. "Màdáámù, ó yẹ̀ka lóòótọ́!" Ó gbójú sókè, omi ti lé ròrò sí i. "Kì í ṣe pé orí mi ò pé nígbà yẹn, àbí?"

Kì í ṣe orí rẹ, ọmọ mi.

Ọjọ́bọ̀, 21

Ìdánwò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lamptey wá láti Accra láti yẹ̀ wá wò. Nyarkoa dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ̀, kò kólòlò. Ó yege!

Lamptey tẹjú mọ́ tọkàn, kò fẹ́ kúrò ńbẹ̀. Ó ní, "Ilẹ̀ wo lẹ ti rà á?" Kí n tó lanu, Ikùn ti gbà á: "Níbí ni! Boatemaa wa ló ṣe é." Wa! Ọkùnrin yìí!

Lamptey ní kí n bá àwọn ṣe ọgọ́rùn-ún, kí n fi ránṣẹ́. Mo ní rárá, ọ̀gá. Ẹ rán àwọn èèyàn yín wá sí Kumasi. Màá kọ́ wọn.