Bàbá tó kúnlẹ̀ ní èbúté

Sátidé, ìrọ̀lẹ́

Ọkàn mi ò tíì kúrò lára fíìmù àwọn ará Japan tí èmi àti Halima tá a jọ ń gbé yàrá wò lọ́sàn-án. Erékùṣù kékeré kan tí òkun yí ká ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin kan fẹ́ lọ sílé ìwé ní ìlú ńlá. Apẹja ni bàbá rẹ̀, kò sì bá a sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Nígbà tí wọ́n dé èbúté, ó kúnlẹ̀, ó bá ọmọ náà so okùn bàtà rẹ̀.

Halima bú sẹ́rìn-ín. "Haba! Bàbá ń kúnlẹ̀ fún ọmọ?"

Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ìfẹ́ lè dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń sá fún Bàbá mi, torí mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìṣirò. Bóyá mi ò tiẹ̀ yẹ ní yunifásítì. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé ní Maitumbi kí n tó yí ọkàn padà.

Fìlà ni Bàbá ń rán lọ́wọ́ nígbà tí mo dé. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Abẹ́rẹ́ wọn ò dúró. Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti parí nìyẹn.

"Rafatu, ṣé wọ́n máa jẹ́ kí o tún ìdánwò náà ṣe?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Wọ́n na fìlà náà sí mi. "Wo etí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti tú u lónìí."

Bàbá mi, tí àwọn aránfìlà yòókù ń pè ní ọ̀gá! Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, wọn ò fi àṣìṣe wọn hàn mí rí.