Ìkòkò Dal Àlàájà Rafiat Àbẹ̀kẹ́ Bámgbóyè (1959–2025)

Ní ọdún 1959, ní ìlú Ìwó, ni a bí Àlàájà Rafiat Àbẹ̀kẹ́ sínú ìdílé Àlàájì Súlè Akínrẹ̀mí àti Sàlámátù ìyàwó rẹ̀. Ìdí ọlọ ìyá wọn ni wọ́n ti mọ bí a ti ń bó ẹ̀wà kí wọ́n tó mọ̀wé kà. Ẹ̀gbọ́n wọn tó ń kọ èyí ti pẹ́ kúrò ní Ìwó, ṣùgbọ́n ìró ọlọ yẹn kò tíì kúrò létí rẹ̀.

Wọ́n jáde ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní 1979, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ ní oúnjẹ sísè ní Òṣogbo. Ní 1985, wọ́n fẹ́ Àlàájì Jimoh Bámgbóyè. Ọlọ́hun fi Khalid àti Jàmílàt ta wọ́n lọ́rẹ.

Ọdún 1998 ni ìdílé náà dé Calgary ní Kánádà. Wọ́n háyà basement, yàrá abẹ́ ilé, ní àdúgbò Rundle lọ́wọ́ ìyá ará Íńdíà kan, Gurmeet Kaur. Ẹ̀wà tiwa ṣọ̀wọ́n níbí nígbà náà, ni Gurmeet bá bu ẹ̀wà wẹ́wẹ́ dúdú tí wọ́n fi ń se dal, ọbẹ̀ ẹ̀wà àwọn ará Íńdíà, fún wọn. Àlàájà rẹ ẹ́ sómi, wọ́n sì bó gbogbo èèpo rẹ̀ dànù bí ẹni tó fẹ́ lọ mọ́ínmọ́ín. Gurmeet figbe ta: "Sister! O ti bọ́ aṣọ lára dal mi!" Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Àlàájà ṣe mọ dal pupa tí kì í pẹ́ jiná àti dúdú tó ń fẹ́ sùúrù, títí kan bí a ti ń yọ́ bọ́tà, tí a ó da áyù àti èso olóòórùn tí wọ́n ń pè ní cumin sí i, kí a tó dà á lé ìkòkò lórí, ṣáàà.

Àlàájì Jimoh kú ní 2003. Àlàájà gba iṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Foothills Industrial. Dal yẹn, tí kò wọ́n, ni wọ́n fi bọ́ ọmọ méjèèjì títí wọ́n fi dé yunifásítì. Kí ẹnikẹ́ni má gbàgbé.

Gbogbo Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ni wọ́n ń sè é fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti Nàìjíríà wá. "Mummy Dal" ni wọ́n ń pè wọ́n. "Mummy Dal, this one no get rival o!"

Ní oṣù kejìlá 2019, Khalid sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ ní ilé rẹ̀ ní Redstone. Ìyá rẹ̀ gbé ìkòkò ńlá lọ. Jàmílàt ní, "Mummy, please, not today. Òórùn yìí á lẹ̀ mọ́ aṣọ àwọn èèyàn." Khalid gbé e sí garage nínú òtútù. Nígbà tí àlejò tú ká, dal ti di yìnyín, kò sẹ́ni tó ṣí i. Àlàájà gbé ìkòkò wọn, wọ́n padà sílé. Gurmeet ló bá wọn yọ́ ọ jẹ.

Láti ìgbà náà, wọn kò gbé oúnjẹ lọ sílé ọmọ mọ́. Wọ́n kàn ń bu ti Khalid àti Jàmílàt sọ́tọ̀ ní gbogbo Jímọ̀, wọ́n ń retí wọn. Redstone kò jìnnà sí Rundle. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń padà jẹ ẹ́.

Àlàájà jáde láyé ní Jímọ̀ kan ní oṣù kìíní 2025. Gurmeet bá dal nínú omi tí wọ́n rẹ ẹ́ sí. Òun ni wọ́n ti bẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé dal ni kí a fi ṣe àlejò níbi àdúà wọn, kí àwọn ọmọ wọn sì jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ ti bá alásè sọ̀rọ̀ jollof. Ẹbí ní kí alásè jókòó sílé rẹ̀.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni Khalid àti Jàmílàt, àwọn ọmọ-ọmọ wọn (Yéjídé, Olúbùkọ́lá àti Mọ́láyọ̀), ẹ̀gbọ́n wọn tó ń kọ èyí, àti Gurmeet, ẹni tó bá wọn jẹun.

Ìkòkò yẹn náà ló wà lórí tábìlì níbi àdúà yìí lónìí. Khalid àti Jàmílàt ni yóò bu dal inú rẹ̀ fún yín, wọn ó sì jẹ tiwọn lójú gbogbo wa.

Àbẹ̀kẹ́, àbúrò mi, ìkòkò rẹ kò sí ní garage mọ́. Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà ṣe ilé rẹ. Sùn re, kí òtútù má mú ọ mọ́.