Ìka Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́ Lórí Máòsì

Libreville, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oṣù Kẹta, 1994

Ọ̀rọ̀ máòsì tí mo so mọ́ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa yìí ti dà mí lórí rú. Bí èmi bá fi tẹ orúkọ oníbàárà kan lójú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan, orúkọ náà á wọ inú ìwé owó lẹ́ẹ̀kan. Bí Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́, tá a jọ ń ṣiṣẹ́, bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, orúkọ kan náà á wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Máòsì kan náà, kọ̀ǹpútà kan náà!

Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ ẹ̀gbọ́n, wọn ò lè fi bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà tẹ̀wé mọ́. Ọ̀gá sì ní séfà, owó tí à ń ná níbí, ti já wálẹ̀, kò sówó kọ̀ǹpútà tuntun tó ń bá máòsì wá. Ẹni tí kò bá lè fi ti àtijọ́ yìí tẹ̀wé, kó máa lọ sílé. Ìdí nìyẹn tí mo fi so máòsì mọ́ ọn fún ẹ̀gbọ́n, tí mo sì kọ ètò, ìyẹn ìlànà tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, kí wọ́n lè máa fi yan orúkọ láìtẹ̀wé.

Mo pààrọ̀ okùn. Mo tún ètò náà kà láti òkè délẹ̀. Mi ò rántí jẹun.

"Àbúrò, ṣé kí n jáwọ́ ni?" ni ẹ̀gbọ́n bi mí.

Mo ní kí wọ́n tún un tẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ìka wọn ni mo wò, kì í ṣe ojú kọ̀ǹpútà. Ó rọra tẹ máòsì, ó sì pẹ́ lórí ẹ̀ kó tó gbéra. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ètò mi ń kà á bíi pé wọ́n tún ń tẹ̀ ẹ́!

"Pardon, ẹ má bínú, ìka mi ò tètè gbéra," ni ẹ̀gbọ́n wí.

Mo ní, "Ẹ má bẹ̀ mí, ẹ̀gbọ́n. Ètò ló máa dúró dè yín."

Mo tún ètò náà kọ, pé kó dúró di ìgbà tí ìka bá gbéra kó tó ka títẹ̀ kan. Orúkọ tí ẹ̀gbọ́n bá tẹ̀ wá ń wọlé lẹ́ẹ̀kan péré. Tèmi ni kò wọlé mọ́ rárá! Ṣé ìka mi yára jù fún ètò tuntun yìí ni, àbí...

Mi ò mọ̀. Mo kàn fa àga mi sẹ́yìn, kí ẹ̀gbọ́n lè máa bá iṣẹ́ wọn lọ, nítorí tiwọn ló ti ń ṣiṣẹ́.