Ohun Tí Onílàjà Bi Yín

Màámi ọ̀wọ́n,

Ara mi dá ṣáṣá, iṣẹ́ sì ń lọ. Ẹ má gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ní mo ti rù. Kámẹ́rà fóònù ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìpàdé ọjọ́ Sátidé ò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀dọ̀ àwọn ni kí ẹ kó lọ. Àbúrò mi ní rárá, ọ̀dọ̀ òun ni. Èmi náà ń pariwo lórí fóònù. Obìnrin onílàjà tí a pè jẹ́ kí a pariwo tán, ó wá yíjú sí yín: “Mà, níbo lẹ̀yin fẹ́ gbé?”

Oṣù mẹ́jọ la ti ń jà, kò sẹ́ni tó bi yín rí.

Ẹ ní, “Ilé mi ni. Kí wọ́n ṣáà máa wá, kí wọ́n má máa kánjú lọ.”

Ẹ̀gbọ́n mi mú ọjọ́ Ajé láti máa wá, àbúrò mi mú Ọjọ́bọ̀. Nígbà tó kàn mí, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Tí ìwé ìgbélùú mi níbí bá ti jáde, mò ń bọ̀. Wọ́n ní kò ní pẹ́ mọ́, bí wọ́n ṣe sọ lọ́dún tó kọjá.

Ẹ bá mi kí àwọn aládùúgbò. Ẹ rọra máa gun àtẹ̀gùn yẹn o.

Ọmọ yín tó jìnnà.