Fíìmù Tó Gba Mìkáàtì Lọ́wọ́ Mi

Àtìní, 15 Sẹ́tẹ́ńbà, 2014. Ìkàrẹ́.

Ẹrù ti dì. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, Háájì tèmi ni mo lọ ṣe. Tọdún yìí, ti Ìyá ni. Ikú kò jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé Mẹ́kà, èmi ni n óò bá a ṣe é. Gàníyù, àbúrò mi, gbé mi lọ sí sàréè rẹ̀ l'Ọ̀kà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbàgbé orúkọ Ìyá o." Inú bí mi. Ṣé èmi Raliat ni wọ́n ń kìlọ̀ fún bí ọmọdé?

Àtàláátà, 16. Nínú bàálù.

Ọ̀nà jìn. Tẹlifíṣọ̀n kékeré wà lẹ́yìn àga iwájú mi. Fíìmù kìíní — àwọn òyìnbó ń yìnbọn. Mo pa á. Ìkejì — oorun gbé mi lọ. Ìkẹta — Íńdíà! Ìyá kan ń wá ọmọ rẹ̀ tó sọnù nídìí rélùwéè. Áà, irú èyí tí Ìyá mi fẹ́ràn gan-an. Kò gbọ́ èdè wọn rárá, síbẹ̀ á sunkún, tó bá di ọjọ́ kejì, á sọ ìtàn náà fún gbogbo ọjà Ọ̀kà láìku síbì kan. Mo ki yíápíìsì bọ etí méjèèjì. Mo sunkún yó.

Ọjọ́ kan náà. Jíddà.

Mo gbé.

Fíìmù kò tíì parí tí bàálù fi ń sọ̀kalẹ̀. Mo yọ yíápíìsì. "Labaeka", ìpè alálàájì, ni gbogbo èèyàn ń ké. Mo bi Ìyá Yẹ̀kínì tó jókòó tì mí pé ṣé a ti súnmọ́ mìkáàtì. Ó ní a ti kọjá rẹ̀ tipẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kéde. Ó rí omijé lójú mi, ó rò pé Kùránì ni mò ń gbọ́.

Ibẹ̀, ní ààlà ilẹ̀ Háájì, ló yẹ kí n ti dá àníyàn Háájì Ìyá kí n tó kọjá. N kò dá nǹkan kan. Nígbà tèmi, Mọ̀dínà la kọ́kọ́ lọ, bọ́ọ̀sì ló gbé wa dúró sí mìkáàtì, kò sẹ́ni tó lè gbàgbé. Ìyẹn ni mo gbójú lé.

Àlàrùbá, 17. Mẹ́kà.

Wọ́n lọ yípo Kaaba. Èmi tí n kò dá àníyàn kò lè bá wọn yípo fún Ìyá. Mo ní inú ń run mí. Irọ́ — ní Mẹ́kà! Ọ̀gá Tẹ̀sùbáà, bí a ṣe ń pe Àáfà Tìjání tó kó wa wá, wò mí títí. Ẹ̀rù bà mí.

Àlàmísì, 18.

Gàníyù pè. Ṣé mo ti yípo fún Ìyá? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó sunkún ayọ̀. Ó ní òun á lọ sọ fún un ní sàréè lọ́la, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. N kò lè jẹun.

Jímọ̀, 19.

Lẹ́yìn àsùbáà mo jẹ́wọ́ fún Àáfà, àti fíìmù àti irọ́. Mo rò pé á bú mi. Ó ní, "Alhaja, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan. Ẹ padà sí mìkáàtì, kí ẹ dá àníyàn yín níbẹ̀." Ó bá mi wá mọ́tò fúnra rẹ̀.

Mo ti débẹ̀. Mo ti sọ ọ́ síta: Labaeka, fún Limota ọmọ Bùsàrí, ará Ọ̀kà.

Mo wá pe Gàníyù pé kó má tíì lọ. Ó ní òun kò lè dúró de Jímọ̀, òun ti lọ láàárọ̀, òun ti sọ fún Ìyá. Mo ní kó padà lọ, kó sọ fún un pé irọ́ ni mo pa, fíìmù ló dá mi dúró, ṣùgbọ́n mo ti ń bọ̀ lọ́nà.

Ó ní, "Íńdíà ni?" Mo ní Íńdíà ni. Ó ní Ìyá á kọ́kọ́ bèèrè bó ṣe parí.